Ìtàn ohùn tí PlayStation máa ń ké kí gẹ́ẹ̀mù tó bẹ̀rẹ̀: láti Japan dé ilé gẹ́ẹ̀mù àdúgbò wa 🧵

1/
Tó o bá dàgbà ní Nàìjíríà láàárín ọdún 2000 sí 2012, ohùn kan wà tó o mọ̀, kódà tí ẹ ò bá ní PlayStation nílé. Ohùn tó máa ń dún bíi pé nǹkan ńlá kan ń jí láti abẹ́ ilẹ̀, kí àmì PS tó yọ. Mo fẹ́ sọ ìtàn ohùn yẹn fún yín: ẹni tó ṣe é, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an, àti ohun tó dà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ bu gàárì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.

2/
Ọ̀pọ̀ wa rò pé fújà lásán ni wọ́n fi ohùn àti àwòrán yẹn ṣe. Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe o. Ẹ rò ó bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn, tí ẹni tó wà nínú ilé ní "Ta nì yẹn?" Ẹ̀rọ yẹn ń bi CD yín léèrè pé ta ló rán an wá. Tí CD ò bá rí èsì fọ̀, eré parí nìyẹn.

3/
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1994 ni PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Ó dé Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1995. Ken Kutaragi ni ẹnjiníà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà. Manabu Sakamoto ló ya àmì PS yẹn, èyí tí P dìde dúró, tí S sì nà gbalaja sílẹ̀ bí òjìji rẹ̀. Takafumi Fujisawa ló ṣe ohùn náà. Ẹ rántí orúkọ yẹn. Ọ̀pọ̀ olórin ò lè sọ pé iye èèyàn tó gbọ́ iṣẹ́ àwọn tó iye tó gbọ́ tirẹ̀.

4/
Ìpele méjì ni ohùn PS1.
Ìpele kìíní: ojú tẹlifíṣọ̀n á funfun báláú, igun méjì aláwọ̀ ọsàn á pàdé láàárín, orúkọ Sony á jáde, ohùn kan á sì rò wìììn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.
Ìpele kejì: ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú, àmì PS á yọ, ohùn mìíràn tó rọra ń tàn bí agogo á dún.
Inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ìpele kìíní ti ń wá. Bí kò bá sí CD rárá, yóò ṣì dún. Ìpele kejì kì í wá àfi tí ẹ̀rọ bá ti yẹ CD wò, tó sì gbà á. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

5/
Nǹkan tó yà mí lẹ́nu: gbogbo ọpọlọ tí ẹ̀rọ yẹn fi ń jí, tohùn, tàwòrán, tètò iṣẹ́ rẹ̀, inú 512KB ni wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí. Fọ́tò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi foonu yà láàárọ̀ yìí lè ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Àyè ò sí fún ìranù. Tí wọ́n bá fi ohùn síbẹ̀, a jẹ́ pé ó nídìí.

6/
Kí Sony tó dé ni irú ọgbọ́n yìí ti wà. Ẹ rántí Game Boy ti Nintendo, ọdún 1989? Tó o bá tàn án, orúkọ Nintendo á máa rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, á dún "tíìn!" Inú káséètì gẹ́ẹ̀mù ni ẹ̀rọ ti ń ka àwòrán orúkọ yẹn, á wá fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ̀rọ á dúró gbagidi.

7/
Kí ni wọ́n ń fìyẹn wá? Ẹjọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe gẹ́ẹ̀mù láìgbàṣẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ Nintendo sínú káséètì tirẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Tó bá sì ti fi í sí i, ó ti lo orúkọ olórúkọ nìyẹn, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìdẹkùn tí wọ́n fi orúkọ ara wọn dẹ.

8/
Sega náà dán an wò. Ẹ̀rọ tiwọn máa ń kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé àwọn làwọn ṣe gẹ́ẹ̀mù náà tàbí pé àwọn fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Accolade tú ẹ̀rọ náà wò, ó rí àṣírí yẹn, ó sì ń ta gẹ́ẹ̀mù tirẹ̀ láìgbàṣẹ. Sega pè é lẹ́jọ́. Lọ́dún 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá Accolade láre. Wọ́n ní Sega fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ tó ń parọ́ yẹn, kò sì lè fi àmì orúkọ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù. Ẹ ò rí nǹkan! Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, odidi ẹjọ́.

9/
Bí Sony ṣe máa wá, ó ní òfin nìkan ò tó, òun á fi kọ́kọ́rọ́ gidi sí i. Lẹ́bàá àárín CD PlayStation, ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń kọ́kọ́ kà, ilà tó wà lójú CD máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, lọ́nà tójú lásán ò lè rí. Nínú gbígbọ̀n yẹn ni wọ́n tọ́jú lẹ́tà mẹ́rin sí: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ò ní gba CD Japan. (Ẹ̀yìn CD tó dúdú bí èédú yẹn kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ o. Ẹwà nìyẹn.)

10/
Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń kọ CD lórí kọ̀ǹpútà lè da gbogbo gẹ́ẹ̀mù náà kọ: àwòrán, orin, títí kan àmì PS àti ọ̀rọ̀ "a fọwọ́ sí i" tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Gbígbọ̀n ilà yẹn ni kò lè dà kọ. Bí ìgbà tẹ́ ẹ da lẹ́tà ọba kọ láìku ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ tẹ́ ò ní èdìdì rẹ̀. Ẹ̀rọ á wo lẹ́tà, kò ní rí èdìdì, á ní kẹ́ ẹ lọ mú CD PlayStation wá. Ìpele kìíní á dún, ìkejì ò ní dún láéláé.

11/
Ó wá dé ọ̀dọ̀ wa.
Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gẹ́ẹ̀mù PS2 tuntun nílẹ̀ Amẹ́ríkà ń lọ bíi dọ́là 50. Ní 2005, dọ́là kan jẹ́ bíi ₦130. Ìyẹn jẹ́ ₦6,500 fún CD ẹyọ kan. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2000, tó ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà: ₦7,500 fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ₦5,500 fún ti ìpínlẹ̀. Bàbá wo ló máa fi owó oṣù kan ra Winning Eleven?

12/
Torí náà, ayédèrú ló gba ọjà. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá bíi tòkunbọ̀, láti òkè òkun sí Alaba l'Ékòó, láti Èkó sí ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Upenmen àti gbogbo agbègbè wọ̀nyí. Kó tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú CD àdàkọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti tú u, kó jó ẹ̀yà kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú òjé. Ìyẹn là ń pè ní "chip".

13/
Iṣẹ́ tí chip PS1 ń ṣe yé èèyàn kíá tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ nípa èdìdì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wá lẹ́tà mẹ́rin yẹn lójú CD, chip ló máa ń dá a lóhùn: "SCEA, SCEA, SCEA." Ẹ̀rọ á gbà. Á tan àmì PS, á lu agogo rẹ̀, á sì kọ ọ́ sábẹ́ pé Sony fọwọ́ sí CD tí wọ́n dà kọ ní yàrá ẹnì kan.
Ọmọ! Ohùn tí wọ́n ṣe láti fi kéde ojúlówó ló ń kéde ayédèrú lójoojúmọ́ láàárín wa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

14/
Mi ò sọ pé àdàkọ dáa o. Èmi náà ń ṣe fídíò jẹun, mo mọ bó ṣe ń rí tẹ́nì kan bá gbé iṣẹ́ ẹni láìtọrọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lójú títì, tí ẹnikẹ́ni ò fún ní ìwé ẹ̀rí, ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún odidi ìran kan. Tá a bá ń kọ ìtàn gẹ́ẹ̀mù ní Nàìjíríà, tí àwọn yẹn ò sí níbẹ̀, irọ́ la kọ.

15/
Ilé gẹ́ẹ̀mù wá jẹ́ yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n méjì, bẹ́ǹṣì, páàdì tí wọ́n fi téèpù dì, àti jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" níta. Ní tiwa, ₦20 ni bọ́ọ̀lù kan. Tí ojú PS1 bá ti ń rẹ̀ ẹ́, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó lè ka CD. Ẹ má rò pé àwa nìkan la ṣe bẹ́ẹ̀. Káàkiri ayé ni wọ́n ń dojú rẹ̀ bolẹ̀, torí pé ike tó gbé ojú tó ń ka CD máa ń jẹ.

16/
Nínú yàrá yẹn, àárín ìpele kìíní àti ìkejì ni ibi tí gbogbo èèyàn ti ń mí sínú. Owó ti kúrò lọ́wọ́. CD ti há lára. Wìììn àkọ́kọ́ ti dún. Gbogbo ojú wà lára tẹlifíṣọ̀n. Tí agogo kejì bá dún, ariwo á sọ. Tí kò bá dún, ẹni tó ni ilé gẹ́ẹ̀mù á yọ CD, á fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, á hah sí i, á tún un fi sí i.

17/
Èmi ò sí nínú yàrá yẹn ṣá. Ọmọbìnrin tó bá wọ ilé gẹ́ẹ̀mù nígbà yẹn ti di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ jẹ ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wọlé, èmi á dúró níta láti pè é pé màmá ń wá a. Torí náà, etí ni mo fi mọ PlayStation. Mo mọ ìgbà tí CD wọlé àti ìgbà tó kọ̀, láìrí ojú tẹlifíṣọ̀n. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bẹ́ẹ̀ náà ni.

18/
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló dé tí ohùn yìí fi tètè wọ̀ wá lára? Èrò tèmi ni pé a ti mọ irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ìròyìn Radio Nigeria tó bẹ̀rẹ̀, ìlù ló máa ń kọ́kọ́ fọhùn. Láti ayé ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà àtijọ́, ti àwọn ọdún 1950, ni gángan ti ń ṣe àmì ìdánimọ̀ wọn. Èdè Yorùbá ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ìlù sì lè sọ ọ̀rọ̀ láìní ẹnu. Àwọn bàbá wa gbọ́ ìlù, wọ́n mọ ilé tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Àwa gbọ́ wìììn, a mọ ilé tí gẹ́ẹ̀mù ti ń bọ̀.

19/
Nokia náà mọ ọgbọ́n yìí: ọwọ́ méjì tó ń wá ara wọn lójú foonu nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án, àti orin tó máa ń dún tí wọ́n bá pè yín. Orin yẹn, inú iṣẹ́ olórin ilẹ̀ Spain kan, Francisco Tárrega, ni wọ́n ti gé e. Láti ọdún 1902 ló ti wà. Ohùn kúkurú ò kéré rárá. Ó kàn ń kó ohun púpọ̀ sínú àyè díẹ̀ ni.

20/
PS2 gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 2000 ló jáde ní Japan. Fujisawa yìí kan náà ló ṣe ohùn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tàn án, òkùnkùn, kùrukùru, ìmọ́lẹ̀ tíntìntín tó ń fò káàkiri, àti àwọn nǹkan gíga tó dúró bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú òkùnkùn, tẹ́ ẹ̀ ń wò láti òkè. Ẹ rántí àwọn ilé gíga yẹn?
Ìtàn tiyín ni wọ́n o.

21/
Òótọ́ ni. PS2 máa ń kọ orúkọ gẹ́ẹ̀mù tẹ́ ẹ bá gbá sínú memory card, títí dé gẹ́ẹ̀mù 21. Gẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan ń di ilé kan nínú òkùnkùn yẹn. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń tan gẹ́ẹ̀mù kan léraléra sí i ni ilé tirẹ̀ á ṣe máa ga sí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra memory card á rí ilẹ̀ gbalasa. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ á rí ìlú.

22/
Ẹ wá ro bí ó ṣe máa rí nílé gẹ́ẹ̀mù. Kì í ṣe èèyàn kan ló ni ìlú yẹn, gbogbo àdúgbò ló kọ́ ọ. PES, Mortal Kombat, God of War, San Andreas, gbogbo wọn ní ilé tiwọn níbẹ̀.
Iná ńkọ́? Láwọn ilẹ̀ tí iná kì í lọ, èèyàn lè tan ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ní tiwa, iná lọ, jẹnẹrétọ̀, epo tán, ká dúró, iná dé, "Áà! Wọ́n ti mú un wá!" Gbogbo ìgbà yẹn la tún ń tan gẹ́ẹ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn yẹn tún dún. Ẹ̀rọ tún kà á sí i. Àìsíná wa wà lára ohun tó kọ́ ilé gíga yẹn.

23/
Tí CD bá wá jẹ́ èyí tí PS2 ò mọ̀ rí, ojú tẹlifíṣọ̀n á pọ́n kuku, ohùn kan tó ń bani lẹ́rù á máa rò lábẹ́lẹ̀, á ní kẹ́ ẹ fi CD PlayStation tàbí PlayStation 2 sí i. Àwọn ọmọ kékeré àdúgbò wa gbà pé ẹ̀mí òkùnkùn ló wọnú ẹ̀rọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà gbà á gbọ́.

24/
Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká sáré. PS3, ọdún 2006: ohùn bí ìgbà tí ẹgbẹ́ olórin ń tún ohun èlò wọn ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti sábà máa ń yẹ ojúlówó wò báyìí, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Adènà ò béèrè "ta nì yẹn" lóhùn rara mọ́, ó ti mọ orúkọ yín, í-meèlì yín àti káàdì báǹkì yín.

25/
Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí PlayStation pé ọgbọ̀n ọdún, Sony dá ohùn PS1 padà sórí PS5 fún ìgbà díẹ̀. Àwọn géńdé fi fídíò rẹ̀ síta, omi ń bọ́ lójú wọn. Inú èmi náà dùn. Àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí níbẹ̀: Sony ń tọ́jú ìtàn Sony. Ta ló ń tọ́jú tiwa?

26/
Nílùú Ọ̀wọ̀ níbí, a ní mùsíọ́mù. Lọ́dún 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbo'Laja, ó sì rí ère alámọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ilẹ̀ tọ́jú wọn fún bíi ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ẹ wá wo memory card PS2, 8MB, tí gbogbo ọmọ àdúgbò kọ ìtàn wọn sí ní 2007. Níbo ló wà? Wọ́n ti tà á mọ́ ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ti kúrò.

27/
Ẹnikẹ́ni ò ka ilé gẹ́ẹ̀mù sí ìtàn. Àwọn òbí pè é ní ibi ìpáǹle, àwọn olùkọ́ ń fi pàṣán wá ọmọ kiri ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tó ń ronú, ibẹ̀ ni àwọn kan ti kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe tí wọ́n fi ń jẹun títí dòní. Tá ò bá sọ ọ́, tí a ò ya fídíò rẹ̀, ìran tó ń bọ̀ á rò pé a ò sí níbẹ̀ nígbà tí ayé ń gbá gẹ́ẹ̀mù.

28/
Torí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Tí PS2 bá wà lábẹ́ ibùsùn nílé yín, tí memory card ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má tíì tà á. Ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi foonu ka bó ṣe ń jí sílẹ̀: ohùn, òkùnkùn, àti àwọn ilé gíga yẹn. Ẹ sọ àdúgbò, ẹ sọ ọdún tẹ́ ẹ bá rántí, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí kò bá fọwọ́ sí i.

29/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tún ẹ̀rọ yìí ṣe rí, tẹ́ ẹ ti jó chip mọ́ ọn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ bẹ́ ẹ ṣe kọ́ ọ, ẹni tó kọ́ yín, àti iye tẹ́ ẹ̀ ń gbà nígbà yẹn. Èmi á kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, pẹ̀lú àṣẹ yín. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ fi etí gbọ́ ọ láti ìta bíi tèmi, ẹ̀yin náà ní ìtàn. Ẹ bọ́ síbí.